Mo Sanwó Kí Wọ́n Bá Mi Wádìí Ẹni Tó Ṣe Ìbọn Àtijọ́ Mi

Níbi gbàǹjo ni mo ti ra ìbọn náà, nítòsí Lancaster ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania tí mò ń gbé. Ọ̀pá rẹ̀ gùn, ó ní igun mẹ́jọ, ìlà sì lọ́ yíká nínú rẹ̀. Igi maple ni ìdí rẹ̀. Àpótí idẹ pẹlẹbẹ kan wà lára igi náà, níbi tí àwọn ọdẹ ayé ìgbà yẹn ń kó àkísà tí wọ́n fọ̀rá pa sí, èyí tí wọ́n fi ń wé ọta kí wọ́n tó kì í. Wọ́n fín "Ketland" sára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn irin tó ń mú kí ìbọn yìn, ẹni tó tà á fún mi sì ní ìbọn Ketland ni.

Bàbá mi àgbà jẹ́ ọdẹ, ara ṣakabùlà rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí ìbọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo rí ihò skúrù tó ṣófo lára irin náà, mo mọ̀ pé wọ́n ti yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi san dọ́là 120 fún àwọn tó ń fi fọ́tò wádìí ìbọn àtijọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n ṣe ni kí n ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọ̀pá ìbọn láti ẹnu rẹ̀, kí n wò ó bóyá ó wọlé dé ìdí. Ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni ẹtù àti ọta ṣì wà nínú rẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá. Tèmi ṣófo. Wọ́n tún kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ha ìpẹtà rẹ̀. Ìkìlọ̀ méjèèjì yìí nìkan tó owó tí mo san.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá, ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi dúró, wọn kò sì kọ̀wé láàárín rẹ̀. Ìyẹn dùn mí. Àmọ́ nígbà tí èsì dé, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Wọ́n ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé iṣẹ́ Ketland wà, wọ́n sì ń kó irin ẹ̀gbẹ́ ìbọn ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn níbí ń rà á, wọ́n ń dè é mọ́ ìbọn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. Nítorí náà, irin yẹn nìkan ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Mo gbé ìbọn náà lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn kan kó bá mi yọ ọ̀pá kúrò lára igi. Kò sí àmì ìdánwò Birmingham tàbí ti London lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn àmì tí wọ́n ń lù sára ọ̀pá tí wọ́n bá ti dán an wò níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ igi náà àti bí àpótí idẹ náà ṣe rí, ọwọ́ àwọn ará Lancaster ni, láàárín 1800 sí 1820.

Jacob Dickert, tó kú ní 1822, ni ògbóǹtarìgì wọn ní Lancaster, òun ni mo sì ń gbàdúrà kó jẹ́. Nínú orúkọ tí wọ́n fín sórí ọ̀pá, lẹ́tà kan péré ló ṣì hàn dáadáa. Nítorí náà, wọ́n kọ̀ láti sọ pé Dickert ló ṣe é. Ó ká mi lára lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mo ti fọkàn tán wọn.

Ní ti ihò skúrù, òkúta tó ń ṣáná sí ẹtù ni ìbọn náà ń lò tẹ́lẹ̀. Àlùfáà ará Scotland kan, Alexander Forsyth, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1807 lórí ẹtù tó ń gbiná bí òòlù bá bà á, torí pé iná òkúta ń lé ẹyẹ lọ kí ọta tó dé. Nígbà tí fìlà bàbà kékeré tí ẹtù yẹn wà nínú rẹ̀ wá gbòde, àwọn ènìyàn gbé ìbọn wọn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ti èmi, wọ́n yọ àwo ẹtù àti irin tí òkúta ń lù, wọ́n fẹ ihò iná, wọ́n yí irin róbótó kan wọ inú rẹ̀ láti gbé fìlà náà. Ojú ayùn ṣì hàn lára òòlù rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ abúlé kan ni, wọ́n ní, kò sì fi orúkọ sílẹ̀.

Wọ́n gbà mí níyànjú pé kí n má dá a padà sí olókùúta, n kò sì ní dá a padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò wọ́n, ìtànṣán òwúrọ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ni kẹ́ ẹ fi ya fọ́tò òkè ọ̀pá. Ibẹ̀ ni lẹ́tà tèmi ti jáde.