Erythromycin 500mg tí gbogbo kẹ́mísì ń tà: rífíù mi, àti èyí tuntun tí wọ́n ń ṣe bọ̀

Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún un. Oògùn tó ń bá kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn jà ni (antibiotic), oògùn gidi sì ni o, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

Ẹni tí penicillin ò bá lára mu, tó jẹ́ pé tó bá ti lo Amoxil báyìí ara ẹ̀ á sú ètè ẹ̀ á wú, Erythromycin wà lára àwọn tí dókítà sábà máa ń kọ fún un dípò ẹ̀. Ọ̀fun, àyà, awọ ara, ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dáadáa tó bá jẹ́ kòkòrò tó mọ̀ ọ́n pa ló wà níbẹ̀. Ó máa ń lọ há mọ́ ibi tí kòkòrò ti ń ṣe purotéènì ẹ̀, kòkòrò yẹn ò ní lè dàgbà kò ní lè bí sí i mọ́, ara á wá ráyè bá a jà.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ yọ ìràwọ̀ ni inú rírun. Inú yẹn máa ń lọ́ èèyàn gan-an, ẹlòmíì á tún bì, àwọn èèyàn á ní fake ni wọ́n tà fáwọn. Rárá o, oògùn yẹn máa ń ta ìfun jí bíi ti èròjà kan tó wà nínú ara wa tí wọ́n ń pè ní motilin, òun ló ń jẹ́ kí ìfun máa fún pọ̀. Hóró ẹ̀ ní nǹkan tí wọ́n fi bò ó lóde, ẹ má fi eyín fọ́ ọ ẹ má sì lọ̀ ọ́, torí omi kíkan inú ikùn máa ń ba oògùn yẹn jẹ́. Tọmọdé tó jẹ́ lúlúbú, ẹ rọ omi sí i dé ojú ìlà tó wà lára ìgò, ẹ mì ín dáadáa, tí ò bá sí iná ládùúgbò yín ẹ bi olóògùn léèrè iye ọjọ́ tó lè lò níta fíríìjì kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá ń lo simvastatin fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, tàbí tó ń lo oògùn ọkàn, kó sọ fún wọn kó tó gbà á o, wọn kì í jọ bára mu.

Ìràwọ̀ tó kù tí mo yọ, àwa èèyàn la jẹ́ kí n yọ ọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gé Erythro mẹ́fà.”
“Kí ló ń ṣe yín, mà?”
“Ọ̀fun ni. Tó bá ti fúyẹ́ n ò ní lò ó mọ́.”

Wọ́n á gé mẹ́fà yẹn lára káàdì, wọ́n á wé e sínú bébà, ó parí. Kòkòrò tó lágbára jù ló máa ń ṣẹ́ kù níbẹ̀. Àwọn kan ní jíìnì (ìtọ́ni inú ara kòkòrò tó ń sọ ohun tó máa ṣe) kan tó ń jẹ́ erm, á yí ojú ibi tí oògùn yẹn ti ń há mọ́ wọn padà, oògùn ò ní ríbi dì mú mọ́, àwọn mí-ìn á kàn máa tu oògùn yẹn síta bó ṣe ń wọlé, wọ́n á sì tún máa fi jíìnì yẹn ta ara wọn lọ́rẹ. Ìwádìí tó jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 2022 ní mílíọ̀nù 1.27 èèyàn ni irú kòkòrò tí oògùn ò ràn báyìí pa ní 2019, apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ló sì burú jù, èèyàn 27.3 nínú 100,000. Ó ń dùn mí gan-an.

Èyí tí inú mi dùn sí wá ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní University at Buffalo, ní New York. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú iyẹ̀pẹ̀ ni Erythromycin ti wá? Iyẹ̀pẹ̀ láti Iloilo ní Philippines, dókítà kan tó ń jẹ́ Abelardo Aguilar ló fi ránṣẹ́ sí Eli Lilly, ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Amẹ́ríkà, ní 1949. Kòkòrò inú iyẹ̀pẹ̀ yẹn ló ń ṣe oògùn yìí fúnra ẹ̀, àwọn purotéènì ńláńlá ló wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bíi tàwọn obìnrin ibi gàrí, ẹnì kan ń bẹ ẹ̀gẹ́, ẹnì kan ń rin ín, ẹnì kan ń yan án, ìgbẹ̀yìn ni wọ́n á wá so ṣúgà mọ́ ọn. Àmọ́ kòkòrò yẹn lọ́ra, ó sì ṣòroó tún ṣe. Blaine Pfeifer, olùwádìí kan ní Buffalo, àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá kó àwọn jíìnì tó ń ṣe oògùn yẹn sínú kòkòrò mí-ìn tó ń jẹ́ E. coli, irú tí kì í ṣèèyàn ní nǹkan, èyí tó ń di méjì láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìgbà tó wà ní yunifásítì Stanford, 2001 ni E. coli kọ́kọ́ ṣe ìpìlẹ̀ oògùn yẹn. Ní 2015 wọ́n wá ń pààrọ̀ ṣúgà yẹn lóríṣiríṣi, wọ́n rí oríṣi tuntun tó lé ní ogójì, mẹ́ta nínú wọn sì pa kòkòrò kan tó ń jẹ́ Bacillus subtilis, irú tí Erythromycin àtijọ́ ò rí pa!

Inú láàbù ni gbogbo ìyẹn ṣì ti ṣẹlẹ̀ o, Bacillus subtilis kọ́ ló ń dá wa gúnlẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní òun ń ta “Erythro tuntun láti Amẹ́ríkà tó ń pa gbogbo kòkòrò”, ẹ má dá a lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé tí kòkòrò bá tún yíra padà, wọ́n lè padà síbi jíìnì yẹn lọ tún un ṣe, láìní máa wá iyẹ̀pẹ̀ kiri.

Ní báyìí ná, èyí tó wà ní kẹ́mísì la ní. Ẹ gba ìwé dókítà, tó bá ṣeé ṣe ẹ jẹ́ kí láàbù yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn yìí ràn án, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa expire, kẹ́ ẹ sì ra iye tí dókítà kọ pé. Kẹ́mísì tó bá ń gé e mẹ́rin mẹ́fà fún yín láìbéèrè nǹkankan, ẹ lọ ra oògùn yín níbòmíì.