Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá epo olówó pọ́ọ́kú kiri ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ dákun ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó gbéra

Ta ló rí tánkì ọkọ̀ tó ń fẹ̀ rí? Mo ní ta ló rí i rí? Lítà 50 ni tánkì Corolla mi ń gbà, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ó sì wà nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Kí n tó wọ ilé epo tí mò ń sọ yìí, epo tó wà nínú rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn bíi lítà 12. Mítà pọ́ǹpù wọn wá ní lítà 49 ló tún wọlé. Ẹ kó o pọ̀ kẹ́ ẹ wò ó: lítà 61 nínú tánkì 50! Nígbà tí mo bi ọmọ tó ń ta epo léèrè, ó wò mí lójú kòrókòró, ó ní, "Mummy, ọkọ̀ yín ló ti pẹ́, tánkì rẹ̀ ti fẹ̀."

Tánkì ti fẹ̀! Irin!

Mi ò ní dárúkọ ilé epo yẹn. Kì í ṣe pé ẹ̀rù wọn ń bà mí o, àmọ́ mi ò lówó lọ́yà lẹ́yìn èyí tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ojú ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin ló wà, béèyàn bá ti Ìjẹ̀bú-Òde kọrí sí Ṣàgámù. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ₦865 gàdàgbà sára pátákó kan tí afọ́jú gan-an lè rí.

₦865 yẹn ló kó bá mi. Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí lọ́sẹ̀ yẹn, ₦900 là ń rà á. Ẹnì kan wá ju fọ́tò pátákó náà sínú WhatsApp àwa ọlọ́jà Òkè-Àjé, ó ní ká sáré lọ kó tó tán. ₦35 lórí lítà kan! Ẹ má bú mi o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, wọ́n ní a mọ owó ṣọ́, kí ẹni tí kò fẹ́ ẹ̀dínwó ₦35 na ọwọ́ sókè ká rí i. Ẹ̀yin náà ẹ rántí ohun tójú wa ti rí. Ní May 2023 tí wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí kò tó ₦200 di nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí July ọdún yẹn tó parí, ó ti kọjá ₦600 láwọn ibì kan. Nígbà tó fi máa di October 2024, ₦1,000 la ti ń gbọ́. Ẹni tó la gbogbo ìyẹn kọjá tí kì í béèrè ibi tí epo ti dínwó, á jẹ́ pé ìjọba ló ń ra epo fún un.

Mo sì ro ó dáadáa kí n tó lọ, kẹ́nikẹ́ni má pè mí ní òpè. Ibùdó tí NNPC ń kó epo pamọ́ sí wà ní Mósímì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣàgámù. Mo ní bóyá torí pé ilé epo yẹn sún mọ́ ibùdó náà ni, owó tírélà tó ń gbé epo wá kò ní wọ́n wọn lára. Ṣé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ nìyẹn? Bàbá àwọn ọmọ ní kí n fi sílẹ̀, pé epo tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa kò ṣe nǹkan kan. Mi ò dá a lóhùn. Mo wọ mọ́tò, ó di Ṣàgámù.

Bí mo ṣe wọ ibẹ̀, ọmọkùnrin kan ti fò jáde sí mi. "Mummy, ẹ káàbọ̀ o, full tank ni àbí?" Ẹnu rẹ̀ dùn! Ó nawọ́ sí mítà, ó ní, "Ẹ wò ó o, òdo ló wà, kẹ́ ẹ má sọ pé mo rẹ́ yín jẹ." Èmi náà wò ó, òdo ni lóòótọ́. Òdo yẹn gan-an ni wọ́n fi bò mí lójú. Ohun tó ba mítà wọn jẹ́ kò sí lójú mítà, inú pọ́ǹpù ló wà, níbi tí wọ́n ti yí i kí ó lè máa ka lítà kan nígbà tí epo tó jáde kò tó lítà kan. Ẹnì kejì dé pẹ̀lú ẹ̀rọ POS, ó ń bi mí bóyá káàdì ni tàbí tiransífà, ó ń yin ìró àti bùbá tí mo wọ̀. Mò ń dúpẹ́ o! Mò ń rẹ́rìn-ín! Tèmi ti tán, mò ń rẹ́rìn-ín!

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ojú mi rí i. Kò sí ọlọ́kadà kan níbẹ̀. Kò sí Márúwá kan. Ilé epo tó dínwó tó bẹ́ẹ̀, ní ojú títì, láàárọ̀, tó sì dá páropáro! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ọmọ ọlọ́kadà ló ń mọ ibi tí mítà ti pé. Epo lítà méjì, mẹ́ta ni wọ́n ń rà lójoojúmọ́, wọ́n mọ ibi tó ń gbé wọn dé àti ibi tí kì í gbé wọn dé. Mo rí i, mo sì kà á sí orí ire. Àmọ́ ta ló ń wọ ilé epo tó ń ka ọ̀kadà? Ẹ má dá mi lẹ́bi jù.

₦42,385 ni mo san. Mo ti fẹ́ ṣí ọkọ̀ kí n tó rí lítà tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tánkì tó ń fẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n pe máníjà. Máníjà jáde, ó ń run pákò, ó ní rárá, kì í ṣe pé tánkì fẹ̀, ooru oòrùn ló ń mú epo fẹ̀, kí n lọ bi ẹni tó kàwé. Ó dáa, mo bi ẹni tó kàwé. Ọmọ mi wà ní yunifásítì OOU ní Àgọ́-Ìwòyè, mo pè é lójú wọn. Ó ní òótọ́ ni pé ooru ń mú epo fẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni. Lítà 50 tí ooru bá mú gan-an, ohun tó máa fi lé sí i kò ju bíi lítà kan lọ. Lítà 11 ni mò ń wá, ẹ̀yin èèyàn mi! Máníjà gbọ́ ọ, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní wọ́n kì í dá epo padà.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ta aṣọ láti ìgbà tí mo ti ń ran ìyá mi lọ́wọ́. Tó bá kù díẹ̀ kí Ojúde Ọba dé, tí àwọn ẹgbẹ́ regbéregbé ń ra aṣọ, ojú oníbàárà kì í kúrò lára ọ̀pá yáàdì mi. Tí mo bá gé yáàdì kan kó fi ìwọ̀n ìka méjì dín, wọ́n á pariwo olè lé mi lórí kí gbogbo ọjà tó gbọ́. Àwọn wọ̀nyí gé lítà mọ́kànlá kúrò nínú epo mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n wá ń kọ́ mi ní ìwé ooru!

Mẹkáníìkì mi ní kí n má gbàgbé pé ọ̀fun tánkì lè gba bíi lítà méjì lé lórí 50. Kò burú. Kí a fi méjì yẹn fún wọn. Lítà 12 ti wà níbẹ̀, àyè 38 ló kù, méjì lé e: lítà 40 nìyẹn ní ₦42,385. Ẹ pín in. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦1,060 lórí lítà kan. Èmi tó ń sá fún ₦900!

Kẹ́ ẹ sì wá wo èyí o, torí ọmọ mi ló ṣe ìṣírò náà fún mi tí mi ò lè sùn. Ká ní wọn ò rẹ́ mi jẹ rárá, ká ní mítà wọn pé pérépéré. Ìrìn bíi kìlómítà 20 ni láti ilé mi débẹ̀, 20 padà. Corolla mi ń fi lítà kan rin nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá. Epo lítà mẹ́rin ni mo sun lọ sun bọ̀, ₦3,600 nìyẹn. Èrè tí mo fẹ́ jẹ ńkọ́? ₦35 lọ́nà 38 tí àyè wà fún nínú tánkì, ₦1,330 ni. Mo sun ₦3,600 láti lọ mú ₦1,330. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín, ó kàn dákẹ́ lórí fóònù. Bàbá rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín dòní.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó aṣọ oníbàárà sẹ́yìn ọkọ̀, mò ń lọ Ìkẹ́nnẹ́. Mi ò tíì jáde nílùú dáadáa tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já mi ní jàgbàjàgbà, ó kú, ó jí, ó tún kú, kò jí mọ́. Wọ́n fi okùn wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó tú tánkì sílẹ̀, ó bu epo rẹ̀ sínú ike ẹlẹ́rìndòdò kan tó mọ́, ó gbé e síwájú mi lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀yin èèyàn, mo fojú ara mi rí i. Epo léfòó lókè, omi wà nísàlẹ̀, ìlà kan là wọ́n láàárín. Ó mì ín, ó gbé e kalẹ̀, wọ́n tún pínyà. Omi kànga! Mo fi ₦865 ra lítà omi kànga!

Ó ṣàlàyé fún mi pé epo fúyẹ́ ju omi lọ, ìdí nìyẹn tí omi fi ń lọ sísàlẹ̀. Bí òjò bá jò wọ tánkì abẹ́ ilẹ̀ tí wọn ò bò dáadáa, tàbí tánkì náà bá lu, ìsàlẹ̀ ni omi máa ń kó sí, bí epo bá sì ti ń tán lọ, omi yẹn ni pọ́ǹpù á máa fà fún oníbàárà. Àwọn ilé epo ní ọ̀dà kan tí wọ́n ń fi pa ọ̀pá tí wọ́n ń tì bọ tánkì, tó bá kan omi, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. Nítorí náà wọ́n mọ̀! Wọn ò lè ní àwọn ò mọ̀. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ ti ba pọ́ǹpù tó wà nínú tánkì mi jẹ́. ₦45,000 ni mo ra tòkúnbọ̀, ₦20,000 ni iṣẹ́ ọwọ́, epo tó kù, a dà á nù. Oníbàárà mi ní Ìkẹ́nnẹ́ ti lọ ra aṣọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìtìjú tó wà níbẹ̀ wá ni pé kí n tó kúrò nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti fi fọ́tò pátákó náà sórí sítátọ́ọ̀sì tèmi. Alhaja tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí mi rí i, ó ní kí ọkọ òun lọ kún kẹ́ẹ̀gì jẹnẹrétọ̀ wọn níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà ò ṣiṣẹ́ mọ́. Alhaja kò sọ ohunkóhun, "Ẹ kú iṣẹ́ o" nìkan ló ń sọ fún mi láàárọ̀. Ṣé èmi ni mo ni ilé epo ni? Ẹni tó ju fọ́tò sínú WhatsApp wa ńkọ́? Mo bi í, ó ní òun náà rí i níbì kan ni, òun ò tíì ra epo níbẹ̀ rí. O ò rà á rí, o ní ká sáré lọ! Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n fún un ní nǹkan. Mi ò lẹ́rìí, àmọ́ bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn.

Mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, kí n má purọ́. Oníkóńgò gàrí tó tẹ ìdí kóńgò wọnú, mi ò gbà á gbọ́. Onígáàsì tí kì í jẹ́ kéèyàn sún mọ́ òṣùwọ̀n rẹ̀, mi ò gba òun náà gbọ́. Gbogbo wọn!

Àwọn tó ń béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe, ó dáa. Ẹ mọ iye lítà tí tánkì yín ń gbà, ẹ sì wo bí epo ṣe kù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́. Lítà ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má ka náírà nìkan. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má ra epo nígbà tí tírélà bá ń já epo sílẹ̀ lọ́wọ́, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ tánkì ti rú nígbà yẹn. Tí ẹ̀dínwó kò bá sí lójú ọ̀nà ibi tẹ́ ẹ ń lọ tẹ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń tò sí. NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń mójú tó ilé epo báyìí, àwọn ló gba iṣẹ́ náà ní 2021 lọ́wọ́ DPR tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, wọ́n ní agolo ìwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ pọ́ǹpù wò, wọ́n sì lè ti ilé epo tí mítà rẹ̀ kò bá pé. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀yin náà ẹ kọ, ẹnu ẹnì kan kò tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí fọ́tò yẹn lórí sítátọ́ọ̀sì mi kí n tó pa á rẹ́, tẹ́ ẹ sì ti lọ, ẹ má tíì ṣíná ọkọ̀ yín. Ẹ pe mẹkáníìkì kó fa ìsàlẹ̀ tánkì sínú ike tó mọ́ ná. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà láàárín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má da ike yẹn nù, kẹ́ ẹ fi rìsíìtì yín ránṣẹ́ sí mi lónìí kí n kó o pọ̀ mọ́ tèmi.