Láptọ́ọ̀pù London tó ń sọ Faransé: bí mo ṣe náwó mi ní Computer Village

Bátìrì láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bàríga kú fin-ín-fin-ín lóṣù tó kọjá. Bí NẸ́PÀ bá ti mú iná pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ti wọgbó nìyẹn. Project àwọn ọmọ UNILAG ni mo máa ń tẹ̀, ọmọ tó sì fẹ́ fi project sílẹ̀ lọ́la kì í gbọ́ àlàyé iná.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line ní Yábàá, mo sọ̀ ní Ìkẹjà. Mo ti pinnu pé n ò ní ná ju 280,000 náírà lọ. Kí n tó dé ojú Otigba, títì tí Computer Village wà, ọwọ́ bíi mẹ́ta ti fà mí lápá. "Mọ́mì, láptọ́ọ̀pù ni àbí fóònù?" "Àǹtí mi, ẹ wá gba London yín!" Ẹ má dá wọn lóhùn o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á mú yín lọ, wọ́n á sì bu èrè tiwọn lé owó ọjà. Èyí tó bá fẹ́ tajà fún yín létí títì, ẹ sá fún un. Ta ni kò tíì gbọ́ ìtàn fùfú inú fóònù?

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ yà, ọmọkùnrin kan gbé HP EliteBook kan jáde, ó ń dán gbinrin, 245,000. Ó ní London gangan ni. Mo wo kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, lẹ́tà A ló jókòó síbi tí Q ń gbé. Mo ní, "Àbúrò, London wo ni wọ́n ti ń tẹ Faransé?" Òun àti àwọn tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ ti mọ̀ ọ́n jù. Ẹ mú 230 wá." Kò sí àléébù nínú kíbọ́ọ̀dù Faransé, àmọ́ èmi ìka mi ni mo fi ń jẹun. Tòkúnbọ̀ tó ti London wá lóòótọ́, àmì £ ló máa ń wà lórí 3.

Ṣọ́ọ̀bù kejì fẹ́ fi EliteBook 840 G3 kan tàn mí, 160,000 péré. Ó wọ̀ mí lójú, irọ́ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel ìran kẹfà ló wà nínú ẹ̀, Windows 11 kò sì gbà á. Ìran kẹjọ ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀. Windows 10 ní tiẹ̀, wọ́n ti dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún un láti October 14, 2025. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 lára orúkọ prósẹ́sọ̀ ni kí ẹ wò: tó bá jẹ́ 6 ló bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ ìdí tó fi pọ́ọ́kú.

Ṣọ́ọ̀bù kẹta, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ni mo ti jókòó. Arábìnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbé àpótí fún mi, kò sì kán mi lójú. Ohun tí mo fi yìn ín jù nìyẹn. Mo ṣí Command Prompt, ojú ibi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, mo tẹ powercfg /batteryreport. Ó gbé ìwé kan jáde tó sọ iye agbára tí bátìrì ní nígbà tó jẹ́ tuntun àti iye tó kù. 840 G5 àkọ́kọ́ tó gbé wá: agbára 50,000 mWh ló ní, 19,000 ló kù. Òkú tí wọ́n fi lọ́fíńdà ra lára. Arábìnrin náà wò ó, ó wò mí, ó wọlé lọ gbé òmíràn. Bátìrì ti èyí wà ní 43,000, prósẹ́sọ̀ i5-8350U, RAM 8GB, £ sì wà lórí 3.

Ó pe 330. Mo ní 240. Ó ní ṣé mo fẹ́ kó fi ọmọ ẹ̀ san gbèsè ni. Mo gbé báàgì mi, mo ti sọ̀ dé àtẹ̀gùn kẹrin kó tó pè mí padà. A parí ẹ̀ sí 275. Ṣájà tó fẹ́ fi sí i fúyẹ́ bí ike búrẹ́dì. Mo ní kó pààrọ̀ ẹ̀, ó pààrọ̀ ẹ̀.

Ó wá ní kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ òun gbé e lọ sísàlẹ̀ lọ fi Office sí i. Rárá o! Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí n ò ní dárúkọ, mo jẹ́ kí wọ́n gbé tèmi lọ báyẹn. RAM 8GB ló bá wọn lọ, 4GB ló bá mi délé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bá ọmọ náà lọ, mo dúró tì í títí ó fi ṣe tán.

Rìsíìtì ní ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà. Mo ní kó kọ nọ́ńbà ìdí láptọ́ọ̀pù náà sí i. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé: iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lánàá, iṣẹ́ ò dúró. Bọ́tìnì Enter nìkan ló ti ń há díẹ̀. Mo pe arábìnrin náà láàárọ̀ yìí, ó ní kí n gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Tuesday, kí n má gbàgbé rìsíìtì. Mo ti kì í bọ inú báàgì.