Google Alerts fún ìròyìn kọ́ńpìnnì tí a ní ṣéà sí: ohun tí ojú mi rí láti 2023

Páálí bàtà kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàámi nílé wa ní Òkè-Àró, ìwé ṣéà ló kún inú ẹ̀, Guinness Nigeria tó ń pọn ọtí, Okomu Oil àti Presco tó ń ṣe epo pupa, àti báǹkì kan tí mi ò ní dárúkọ. Owó kòkó ni bàámi fi rà wọ́n díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, èmi tí mo wà l'Ákùúrẹ́ ni wọ́n ní kí n máa bójú tó o torí àwọn bọ̀ọ̀dá mi wà l'Ékòó àti Àbújá. Oògùn ni mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, mi ò ráyè ka ìwé ìròyìn láàárọ̀, nǹkan tó máa bá mi ṣọ́ ọ ni mò ń wá.

Oṣù kẹrin 2023 ni mo kọ́kọ́ ṣí Google Alerts. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ wọ google.com/alerts, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kó máa ṣọ́, ó máa fi ohun tó bá rí ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Mo tẹ Guinness, mo tẹ Okomu, mo tẹ Presco, mo ní kó máa fi ránṣẹ́ bó bá ṣe ń jáde. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Oṣù tó tẹ̀lé e ni Hilda Baci dáná ọlọ́jọ́ gbọọrọ yẹn l'Ékòó, Guinness World Records wá ní wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ló fi dáná, ni oníkálukú bá ń fẹ́ gba tiẹ̀ náà, ímeèlì ń wọlé tọ̀sán tòru, kò sí ẹyọ kan tó kan ilé-ọtí tí bàámi ra ṣéà wọn. Okomu ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ erin àti igbó ló ń gbé wá, torí igbó ẹranko ìjọba tó ń jẹ́ Okomu National Park wà ní Ẹdó níbẹ̀. Presco náà, kámpọ́ọ̀sì yunifásítì kan ní Àbákálíkì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sú mi, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.

Ohun tó mú mi padà dùn mí títí dòní. Lóṣù kẹta 2024, CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní kí àwọn báǹkì wá owó kún owó ìdókòwò wọn, èyí tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 500 náírà. Báǹkì wa yìí ṣe rights issue, ìyẹn ni pé àwọn tó ti ní ṣéà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣéà tuntun lọ̀. Ìwé wọn, àpótí lẹ́tà tí bàámi ti pa tì ló lọ. Ìgbà tí wọ́n ti parí ẹ̀ ni bọ̀ọ̀dá mi àgbà pè mí, wọ́n ní "Àbúrò, o gba rights wa ṣá?" Mo ní "Rights wo, Bọ̀ọ̀dá mi?" Wọ́n dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Màámi tó jókòó tì mí ń bi mí pé kí ló dé, mi ò rí ẹnu sọ ọ́.

Ọmọ FUTA kan tó máa ń ràn mí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ló bá mi tún un tò. Ó ní "Mummy, orúkọ kan lásán ò tó, ẹ sọ orúkọ ẹ̀ ní kíkún, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ò fẹ́." Ohun tá a tẹ̀ nìyí:

"Guinness Nigeria" -"world record"

Àmì àyọlò yẹn, kọ́mà méjì olókè, ló ń sọ fún un pé kí ọ̀rọ̀ méjèèjì dúró pọ̀. Àmì àyọkúrò yẹn ní kó yọ ohun tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, bí àlàfo bá wọ àárín ẹ̀ kò níṣẹ́. Ti Okomu:

"Okomu Oil" OR OKOMUOIL

OKOMUOIL ni wọ́n ń pè é lọ́jà ìdókòwò NGX, àwọn oníròyìn míì orúkọ yẹn nìkan ni wọ́n máa kọ. OR yẹn, lẹ́tà ńlá ni o. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Presco:

Presco dividend OR "rights issue" OR "closure of register"

Torí ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kì í ṣe gbogbo ìròyìn la nílò. Ibi tówó wà la nílò. Closure of register yẹn ṣe pàtàkì gan-an, bí orúkọ yín ò bá sí nínú ìwé àwọn tó ní ṣéà kó tó di ọjọ́ tí wọ́n dá, èrè orí ṣéà tí wọ́n ń pè ní dividend ò kàn yín. Mo sì fi -gainers kún ti Okomu, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ṣéà tó gbówó lórí àtèyí tó já wálẹ̀, ìyẹn ló ń bo ìròyìn gidi mọ́lẹ̀.

Ní ibi tí wọ́n ti ń yan orílẹ̀-èdè, ẹ má yan Nàìjíríà nìkan. Lóṣù kẹfà 2024, Diageo tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kéde pé àwọn fẹ́ ta ìpín 58.02% tí wọ́n ní nínú Guinness Nigeria fún kọ́ńpìnnì míì tó ń jẹ́ Tolaram, ìròyìn tó kan wa gbọ̀ngbọ̀n nìyẹn, àwọn oníròyìn ọ̀hún náà ló ń kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Socfin tó ni èyí tó pọ̀ jù nínú Okomu, Luxembourg ni wọ́n wà, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ púpọ̀ nínú ìròyìn wọn, torí náà mo ṣe àláàtì tiẹ̀ lọ́tọ̀, mo sì fi èdè ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Lẹ́yìn náà ẹ lọ síbi sẹ́tíńsì, ẹ tan digest, kó kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú ímeèlì kan. Aago márùn-ún ìdájí ni mo fi tèmi sí, mo máa ń kà á kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Àléébù ẹ̀ wà o. Ìròyìn kan náà, búlọ́ọ̀gì mẹ́jọ á dà á kọ, gbogbo ẹ̀ á wọlé. Nígbà míì ìròyìn ọdún mẹ́ta sẹ́yìn á jáde bíi tuntun, ẹ máa wo déètì kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń sọ lórí WhatsApp kò lè rí i. Ìwé ìkéde tí kọ́ńpìnnì fi sórí sáìtì NGX náà, ó lè pẹ́ kó tó rí i tàbí kó má tiẹ̀ rí i rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọ sáìtì wọn fúnra mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un nínú márùn-ún.

Lóṣù kẹsàn-án 2025, nígbà tí Hilda Baci se jọ̀lọ́ọ̀fù ìkòkò ńlá yẹn, kílò 8,780, tí gbogbo ayé ń pariwo Guinness, mo ṣí ímeèlì mi láàárọ̀, kò sí jọ̀lọ́ọ̀fù kankan níbẹ̀. Ti ilé-ọtí nìkan ni mo rí. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá mi l'Ékòó, wọ́n fèsì pé "O ṣeun, àbúrò mi. Tún bá wa fi ti báǹkì yẹn sí i." Mo ti fi sí i látọjọ́ tí wọ́n ti pè mí yẹn, òun ni mo fi ṣáájú.