Àwọn tó bá mi dí ọ̀rinrin ògiri ní Kubwa

Ọ̀dà ni wọ́n gbé wá. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, tó ṣì tutù lọ́wọ́, ni ọ̀gá wọn ní kí wọ́n kùn kí n lè san owó tó kù. Mo ní kí wọ́n gbé e padà síta. Ọ̀gá pè mí: "Màdáámù, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀dà tiwa kì í ṣí." Mo bi í pé ta ló sọ fún omi inú búlọ́ọ̀kù pé kó má jáde mọ́. Ló bá pa fóònù mọ́ mi létí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kubwa tàbí Lugbe mọ̀ ọ́n: tó bá ti di oṣù Kẹjọ, ìsàlẹ̀ ògiri á wú, ọ̀dà á máa ṣí, iyọ̀ funfun á yọ. Tí ọyẹ́ bá dé, gbogbo rẹ̀ á gbẹ táútáú. Ìgbà ọyẹ́ la ra ilé tiwa. Ẹni tó tà á ti rẹ́rìn-ín lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ rán wá! Mo rò pé òòlù ló máa fà yọ. Rárá o. Ọ̀rá ló gé, ó fi téèpù lẹ etí rẹ̀ yíká mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri. "Mọ́mì, a ó wò ó lọ́la. Tí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, inú ògiri ló ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ iwájú ló tutù, afẹ́fẹ́ inú ilé ni, ẹ má fọ́ ògiri yín." Ta ló ń lé owó sá báyìí ní Àbújá?

Ẹ̀kán omi kún ẹ̀yìn ọ̀rá lọ́jọ́ kejì. Ó ní wọn ò tẹ́ ọ̀rá sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri nígbà tí wọ́n kọ́lé, ni búlọ́ọ̀kù fi ń fa omi ilẹ̀ bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Wọ́n ha ara ògiri dé bíi mítà kan, wọ́n fi dírílì lu ihò tẹ̀léra nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fún oògùn tó rí bí ìpara sínú wọn, kí wọ́n tó tún un rẹ́. Oògùn náà, omi tuntun ló ń dí lọ́nà. Èyí tó ti wà níbẹ̀ á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní bí ínṣì 1 lóṣù kan. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 ni tiwa. Ẹ wá wo ọ̀gá tó gbé ọ̀dà wá.

Ọmọ yìí náà ló rọra pè mí pé, "Mọ́mì, ẹ má gbà fún wọn." Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n má bàa lé e. Ọ́fíìsì ò tíì fún mi ní ríṣíìtì dòní. Tí mo bá bi wọ́n lórí Wàsápù, àtàńpàkò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́.

Òjò ọdún yìí rọ̀ títí, ògiri ò wú.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Tẹ́ ẹ bá máa pè wọ́n, ẹ ní ẹni tó ń fi ọ̀rá dán ògiri wò lẹ fẹ́.