Bíréèkì tó ń dá ara rẹ̀ tẹ̀: jíìpù tókúnbọ̀ mi àti àwọn tó tún un ṣe ní Abuja

Bí ẹ bá ń gbèrò láti ra jíìpù tókúnbọ̀ ọdún 2018 sókè, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Mi ò ní sọ nǹkan nípa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, epo tó ń jẹ tàbí bí AC rẹ̀ ṣe ń tutù. Ẹni tó bá ti wọ irú ọkọ̀ náà rí mọ gbogbo ìyẹn. Ọ̀rọ̀ bíréèkì tó ń dá ara rẹ̀ tẹ̀ ni mo bá wá, èyí tí wọ́n fi rédà (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì wá ohun tó wà níwájú) àti kámẹ́rà ṣe kí ọkọ̀ lè dúró bí awakọ̀ ò bá tètè rí ohun tó wà níwájú. Tèmi dúró níbi tí kò ti sí ohunkóhun níwájú.

Mo lọ gbé ìyá mi ní gáréèjì Jabi, wọ́n ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kubwa ni à ń gbé. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà Kubwa rárá, mo sì wà lórí 90. Ká tó dé Dutse, bí mo ṣe ń sún mọ́ afárá onírin tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá lókè títì, dáṣíbọ́ọ̀dù pọ́n wàá, ó han gooro, kí n sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bíréèkì ti tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ọkọ̀ níwájú mi. Kò sí èèyàn, kò sí màlúù, kò sí ọ̀kadà tó ń gba òdì bọ̀. Títì ṣófo gbalasa.

Típà tó kó yanrìn wà lẹ́yìn wa. Fèrè rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ bí táyà rẹ̀ ṣe ń ké. Mo wo dígí, mi ò rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju iwájú típà náà lọ. Mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, ìyẹn ló jẹ́ kí bíréèkì náà tú. Típà yà bàrá sí ọ̀tún, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, yanrìn ń dà lé wa lórí. Bẹ́líìtì ti fún ìyá mi láyà. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn bi mí pé, "Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkankan, mà."

"Kí ló wá dé tó o fi tẹ bíréèkì?"

"Èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́, mà."

Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Àdúrà ni wọ́n ń gbà títí a fi délé, lọ́jọ́ kejì sì ni mo rí i pé ibi tí bẹ́líìtì ti fún wọn lára ti wú.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè mo gbé ọkọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan láàárín ìlú tó ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ibẹ̀ mọ́, yàrá tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí tutù, wọ́n fún mi ní omi, wọ́n sì bá mi fọ ọkọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ọ̀gá kan tó wọ táì ló wá gbọ́ ẹjọ́ mi. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: afárá, típà, ìyá mi. Kọ̀ǹpútà ló ń wò ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Ó bi mí níbi tí mo ti ra ọkọ̀ náà. Bí mo ṣe ní tókúnbọ̀ ni, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní kí wọ́n so síkáánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, mọ́ ọn. Wọ́n so ó, kò rí kóòdù àṣìṣe kankan. Ó gbé ọkọ̀ náà yí ọgbà wọn ká. Mo ní kó jẹ́ ká jọ gbé e dé abẹ́ afárá kan, ó ní àwọn kì í gbé ọkọ̀ oníbàárà lọ sọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí. Ó ní bíréèkì náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́, ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé nǹkan kan wà níwájú tí n kò rí. Ó ní bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, bọ́tìnnì wà tí mo lè fi pa á.

Mo mọ bọ́tìnnì náà. Ìgbàkígbà tí èèyàn bá paná ọkọ̀ tó sì tún un dá, bíréèkì náà á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ lò kò lè fi ẹ̀mí wọn ti bọ́tìnnì tó gbọ́dọ̀ máa rántí ní gbogbo àárọ̀.

Wọ́n gba ₦35,000 lọ́wọ́ mi. Ibi tí mo ti ń sanwó ni obìnrin tó ń gbowó ti rọra bá mi sọ Yorùbá: "Ẹ má bínú, sà. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń tún ojú rédà àti kámẹ́rà ṣe, a ò ní in níbí. Ẹ wá ẹni tó ní in." Òun nìkan ló sọ òótọ́ fún mi nínú ilé náà. Ọlọ́run á fún un ní iṣẹ́ tó dára ju ìyẹn lọ.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ohun àjèjì tí ọ̀gá onítáì yẹn ì bá fi sọ pé ojú mi ló ṣe bàìbàì. Ní oṣù kejì ọdún 2022, NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí Tesla Model 3 àti Model Y tó tó 416,000, nítorí ẹ̀sùn 354 tí àwọn awakọ̀ fi ránṣẹ́ pé ọkọ̀ ń dá bíréèkì tẹ̀ láìnídìí. Lóṣù yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Honda CR-V àti Accord, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7. Tèmi kò sí nínú wọn. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, awakọ̀ sọ̀rọ̀, ìjọba tẹ́tí sí i. Níbí, wọ́n ní bóyá n kò ríran.

Ọ̀dọ̀ ọmọ Ìlọrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní abúlé mẹkáníìkì Apo ni ìbínú mi ti rọ̀. Kò tíì fọwọ́ kan síkáánà tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ọkọ̀. Ó wo àlàfo tó wà láàárín bọ́ńpà àti iná, ó fi èékánná ha ọ̀dà níbi tí nọ́ọ̀tì wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbá ọkọ̀ yìí níwájú rí, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi." Ẹni tó tà á fún mi ti fi Bíbélì búra pé kò fara gba nǹkankan rí. Ọmọ náà tú bọ́ńpà. Irin tó gbé rédà dúró ti tẹ̀ wọnú, pánẹ́lì-bítà tó tún un ṣe kàn fi òòlù nà án, ó sì kùn ún. "Ẹ wá wò ó, ẹ̀gbọ́n. Òkè ló ń wò."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí olùkọ́. Bí rédà bá fi dígírì 1 péré gbójú sókè, tó bá fi máa dé 100 mítà síwájú, ó ti fi mítà 1.7 ga ju ibi tó yẹ kó máa wò lọ. Irin ni rédà sì ń rí jù. Afárá onírin tó yẹ kó fojú fò wá dà bí ọkọ̀ tó dúró gbagidi sáàárín títì lójú rẹ̀. Kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú ló yẹ kó já a nírọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì náà, ẹni tó sì ṣe é kò tún ojú kámẹ́rà tò. Nǹkan méjèèjì yìí, bọ́ńpà àti gíláàsì, àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, àfi kí wọ́n tún rédà àti kámẹ́rà tò.

Ó wá irin tuntun. Ó wọn afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní kí n kó gbogbo ẹrù inú búùtù sílẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa tẹ̀ sẹ́yìn. Ó gbé bọ́ọ̀dù rẹ̀ síwájú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó ń fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó ń fi okùn olójé wo àárín rẹ̀. Àṣìṣe díẹ̀ báyìí, á tún un wọ̀n. Wọ́n ń pè é níta, kò dáhùn. Láàárọ̀ Sunday tí títì dá, a jọ gbé ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà Airport kí kámẹ́rà lè mọ ìlà títì, a gba abẹ́ àwọn afárá tó wà níbẹ̀ kọjá. Mo di sítíárìn mú pinpin. Dáṣíbọ́ọ̀dù kò sọ nǹkankan. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi kò tó ìlọ́po méjì owó tí wọ́n fi wo síkáánà fún mi láàárín ìlú.

Láti ìgbà náà, kò tẹ bíréèkì láìnídìí mọ́. Tákísì kan dédé dúró gbé èrò ní Wuse, jíìpù mi kígbe kí ẹsẹ̀ mi tó kúrò lórí tọ́tù. Ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Nínú ìwádìí IIHS, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ààbò ọkọ̀, ọkọ̀ tó ní bíréèkì yìí ń fi iwájú gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn ní ìdajì iye ìgbà tí èyí tí kò ní in ń gbá a. Mo gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Bí mo bá ń darí relé sí Kubwa nírọ̀lẹ́, oòrùn máa ń wà gan-an níwájú kámẹ́rà, dáṣíbọ́ọ̀dù á sì máa han sí òjìji lásán. Kì í tẹ bíréèkì, ariwo ló ń pa, ọkàn mi sì ń já sí i ní gbogbo ìgbà. Ọmọ Ìlọrin náà ní gíláàsì tí wọ́n fi pààrọ̀ kì í ṣe ojúlówó. Lásìkò ọyẹ́, eruku á bo iwájú rédà, ọkọ̀ á ní òun ti pa ètò náà títí n ó fi nù ún. Ìyẹn ò dùn mí.

Ohun tó dùn mí ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ fún wa. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí NHTSA ṣe lóṣù kẹrin ọdún 2024 ní kí gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun ní bíréèkì yìí tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án ọdún 2029. Àwọn yẹn náà ni yóò di tókúnbọ̀ wa lọ́la. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n á ti gbá níwájú, tí wọ́n á kàn kùn ní ọ̀dà. Bí ẹ bá lọ rà á, ẹ wo nọ́ọ̀tì bọ́ńpà, ẹ wo àmì tó wà ní igun gíláàsì iwájú bóyá ó bá ti àwọn gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mu, kí ẹ sì béèrè ẹni tó tún rédà tò.

Ilé iṣẹ́ àárín ìlú: 1 nínú 5, nítorí obìnrin tó ń gbowó. Ọmọ Ìlọrin: 5. Bíréèkì náà fúnra rẹ̀: 4. Ìyàwó mi ka ibi tí mo dé yìí, ó ní 4 pọ̀ jù fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá ọkọ òun. Mi ò yí i padà. Bí owó oṣù bá wọlé, n ó pààrọ̀ gíláàsì sí ojúlówó, n ó sì padà wá sọ bóyá ariwo ìrọ̀lẹ́ yẹn dáwọ́ dúró.