Broad match àbí phrase match: èwo ni kó o fowó ẹ sí lórí Google?

Sólà ni mò ń tà tí mo sì ń bá wọn so ní Kàbà. Nígbà tí mo fẹ́ polówó lórí Google, broad match ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kí Google máa fi ìpolówó ẹ han ẹni tó ń wá ohunkóhun tó bá jọ kíwọ̀ọ̀dù ẹ (ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ kí wọ́n fi rí ẹ), torí òun lo máa bá níbẹ̀ tó o bá kàn tẹ kíwọ̀ọ̀dù ẹ láìfi àmì kankan sí i. Mo kọ solar installation Kabba, mo fi 5,000 náírà sí i lójúmọ́, fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, inú mi dùn gan-an, àfi bí mo ṣe rí i pé ẹni tó ń wáṣẹ́ ló ń pè, ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ sólà ló ń pè, ẹnì kan tiẹ̀ bi mí bóyá wọ́n ti ń pín sólà ọ̀fẹ́ ní Lọ́kọ́jà! Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó lọ wo search terms, ìyẹn ohun táwọn èèyàn tẹ̀ sí Google gan-an kí wọ́n tó rí ìpolówó mi, ibẹ̀ ni mo ti rí solar training, solar jobs, solar price in Lagos. Gbogbo klíkì yẹn ni mo sanwó ẹ̀, torí tẹ́nì kan bá ti tẹ ìpolówó ẹ báyìí owó ti lọ nìyẹn, yálà ó rajà àbí kò rà. Nǹkan bí 45,000, owó wáyà gidi. Èmi ni mo jẹ̀bi o, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan sí negative keywords, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó ò fẹ́ kí ìpolówó ẹ jáde fún.

Phrase match ńkọ́? Àmì “ ” lo máa fi yí kíwọ̀ọ̀dù ẹ ká, ìtumọ̀ ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tẹ́ni náà ń wá kí ìpolówó ẹ tó jáde. Klíkì máa dín kù, ọjọ́ míì wà tí mi ò rí ju méjì lọ, Kàbà kì í kúkú ṣe Èkó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè, iye tó máa ná an ló máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Owó klíkì: gbàǹjo ni méjèèjì, àmọ́ kì í ṣe olówó nìkan ló ń borí, Google ń wò ó bóyá ìpolówó ẹ bá ohun tẹ́ni náà ń wá mu.

Location: àwọn kan ní kó o fi sórí presence nìkan, ìyẹn kó jẹ́ àwọn tó wà tàbí tó máa ń wà ládùúgbò tó o yàn nìkan ló máa rí ìpolówó ẹ. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ Okun (àwọn Yorùbá Kogí) tó wà l'Ékòó tó ń kọ́lé sílé, oníbàárà mi ni.

Broad match ò burú o, tówó bá wà tó o sì ti ń ka àwọn tó rajà fún Google kó lè fi kọ́gbọ́n, ó lè bá ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ò rò dé. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tó ń ná 2,000 lójúmọ́ ní Ìsánlú àbí Ẹ̀gbẹ̀, kí ló fẹ́ fi kọ́ ọ? Phrase ni kó o mú, kó o sì ti kọ jobs, training àti free sí negative kó o tó tan án rárá.